Ikùn Ínǹṣì Mẹ́rìndínlógójì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ burúkú: Ìyá Téèpù kì í ṣe òpùrọ́. Gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ fún un rán ló mọ̀ pé tó bá ní ọ̀la, ọ̀la náà ni. Bí kọ́là bá fi ìdajì ínǹṣì yẹ̀, á tú u, á tún un rán, ẹni tó ni aṣọ ò sì ní mọ̀ láéláé. Síbẹ̀ náà, obìnrin yìí parọ́ fún ọsibítù ńlá fún odindi ọdún kan ó lé oṣù mẹ́ta. Irọ́ kan ṣoṣo ni, ó pa á lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sì sí ìgbà kan tí kò kọ́kọ́ wo ojú téèpù kó tó pa á.

Ọkọ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdáná ló ń dá, ìbáà jẹ́ oorun ọ̀sán ló ń sùn. Ọkọ náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, tòun ti téèpù ni ìyàwó òun máa wá síbi òkú òun. Ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé lọkùnrin yìí. Tó bá mú búrẹ́dì, àmì ìka ẹ̀ dúdú á hàn lára ẹ̀. Ọdún tó pé ẹni ọgọ́ta ni ikùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó ní ìgbádùn ni. Ìyàwó ẹ̀ fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ogójì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di méjìlélógójì.

"Ìgbádùn wo ló ń fi ínǹṣì méjì ga lọ́sẹ̀ méjì?" obìnrin náà bi í. "Dìde, ká lọ."

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù, ẹyinjú ẹ̀ ti pọ́n bíi pupa ẹyin. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti ń gan, kókó burúkú kan sì ti jókòó sí apá ọ̀tún ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn fa omi inú ikùn náà, wọ́n wá là á, wọ́n gé ibi tí kókó náà wà dànù. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Ìyá Téèpù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ́tí ṣòkòtò péńpé iléèwé mọ́kànlá kí wọ́n tó gbé ọkọ ẹ̀ jáde, torí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán.

Ọsibítù yìí ní ìlànà kan. Ẹni tí wọ́n bá là nítorí ẹ̀dọ̀, wọn kì í kàn sọ pé ó dìgbà kan ná. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láago mẹ́wàá àárọ̀, obìnrin kan á pè é lórí fóònù, á bèèrè nǹkan mẹ́rin, á sì kọ ìdáhùn sínú ìwé ńlá kan. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é. Dókítà fẹ́ mọ ẹni tí ọ̀bẹ òun ṣe lóore àti ẹni tí kò ṣe lóore, kó lè mọ ohun tó máa sọ fún ẹni tó bá kàn. Ìyá Téèpù ò mọ orúkọ obìnrin tó ń pè. Ọmọ Fóònù ló ń pè é lọ́kàn ara ẹ̀.

"Bàbá ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé ojú wọn ò pọ́n? Ikùn wọn, ínǹṣì mélòó?" Ó tán. Ìwé Ọmọ Fóònù ò láyè fún ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè kẹrin yẹn, kò sí ilé tí wọ́n ti ń dáhùn ẹ̀ bíi tilé Ìyá Téèpù. Àwọn yòókù á ní "ó máa tó báyìí báyìí", "kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀." Òun á ní kí Bàbá ká ẹ̀wù sókè, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á sì sọ ọ́ títí dórí ìdajì. Oṣù kẹta, mẹ́tàdínlógójì àtààbọ̀. Oṣù kẹfà, mẹ́rìndínlógójì. Oṣù kẹsàn-án, ó lé ìdajì. Oṣù kejìlá, ó padà sí mẹ́rìndínlógójì géérégé. Bàbá ní tí obìnrin yìí bá tún fi téèpù tutù kan òun láàárọ̀, òun á fẹjọ́ ẹ̀ sun dókítà.

Lẹ́yìn oṣù kejìlá, ikùn náà tún dìde. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, àìsàn náà ló padà wá sára ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ́ kù. Ọkọ̀ jíjókòó dé ọsibítù ńlá ti di ìyà fún un, ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ kẹta. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọsibítù ńlá ò gbọ́, ta ni ì bá sọ fún wọn?

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, tó ń gbé nílùú tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé èèyàn débẹ̀, wá lo ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní kí ìyá òun káṣọ káwọn jọ lọ. Ìyá ní òun ò lọ, máṣíìnì òun ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ padà. Ó ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnu iṣẹ́ ló sì ti ń pè, kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń ké sí i.

Ó wá ku òun nìkan. Aṣọ iléèwé nìkan ló wá ń rán báyìí, kì í ṣe aṣọ oníbàárà mọ́, kò sí ẹni tó ń wá dúró kí wọ́n wọn òun, kó máa ṣòfófó ọkọ ẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù, ọkọ̀ iléèwé á já ẹrù aṣọ tí wọ́n ti gé sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, á fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á lọ. Òpin oṣù, á tún fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á kó o. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ejò tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ta ló fẹ́ bá a rìn? Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bá máṣíìnì sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò tíì burú. Ìgbà tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ lọ̀rọ̀ wá di nǹkan míì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún pé, òjò ń rọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò sí ẹ̀dá kan tó bá a sọ̀rọ̀, àfi ọmọ ẹ̀ tó ní "Mọ́mì, màá padà pè" lọ́jọ́ Ìsinmi, tí kò sì padà pè. Fóònù dún láago mẹ́wàá.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Bàbá ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin yìí ti kú láti oṣù kan, àwọn aládùúgbò ti kí ìyàwó ẹ̀ kú ará fẹ́ra kù, wọ́n kí i tán, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè ẹ̀ mọ́. Ohùn kan wá ń bèèrè ẹ̀ bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì, tó ń wá awò ojú ẹ̀ kiri. Ẹnu Ìyá Téèpù kàn ṣí.

"Wọ́n ti jáde," ó ní.

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun dáadáa."

"Ojú wọn ò pọ́n?"

"Kò pọ́n."

"Ikùn ńkọ́, mà? Ínǹṣì mélòó?"

Ibí yìí ni irọ́ dúró sí. Ó lè ní òkú jáde, kò lè pe nọ́ńbà tí kò rí lójú téèpù. Ó ní, "Dúró ná, ọmọ mi." Ó wọ yàrá, ó fa ṣòkòtò eérú tó rán fún ọkọ ẹ̀ ní oṣù kejìlá iṣẹ́ abẹ yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọn ìbàdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà sídìí fóònù.

"Mẹ́rìndínlógójì," ó ní. Ohùn ẹ̀ le dáadáa, torí ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Èmi ò ní dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti gbé nílé tó jẹ́ pé aago ara ògiri nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kó wá dá a lẹ́jọ́.

Ó pinnu pé tó bá tún pè, òun á sọ òótọ́. Oṣù mẹ́ta pé, Ọmọ Fóònù pè, kó tó bèèrè ohunkóhun, ó ní, "Mà, inú mi máa ń dùn tó bá kan nọ́ńbà yín. Ìròyìn burúkú ló pọ̀ nínú ìwé mi." Ẹ bá mi wò ó. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi òkú lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Bàbá tún jáde. Ṣòkòtò tún jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Tó bá ti ku ọ̀la kó pè, Ìyá Téèpù á gbálẹ̀, á wẹ̀, á wọṣọ tó mọ́, bí ẹni pé ojú ni wọ́n fi ń rí ara wọn lórí fóònù. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ló fi ń gbé oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹfà yẹn, Ọmọ Fóònù ò gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kẹrin.

"Mà, ẹ bá wa bẹ Bàbá. Awakọ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù wa. Kókó tó wà lẹ́dọ̀ Bàbá ló wà lẹ́dọ̀ tiẹ̀ náà. Kò jẹ́ kí wọ́n la òun, ó ní kò sẹ́ni tí òun mọ̀ tí wọ́n là tó jí. Dókítà wá sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún un, pé ọdún méjì àtààbọ̀ rèé, ikùn ò wú, ojú ò pọ́n. Ó ní tí òun bá fojú ara òun rí Bàbá, òun á buwọ́ lùwé. Tí òun ò bá rí wọn, òun ń lọ sílé. Dókítà sì ní tó bá fi lè lọ sílé yìí, kó tó padà wá, kókó náà á ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ ń gé. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, láago mọ́kànlá."

"A máa wá," ni Ìyá Téèpù sọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló bi ara ẹ̀ pé ta ni òun àti ta.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rò ó. Tó bá ní Bàbá rìnrìn àjò, awakọ̀ yẹn ń lọ sílé lọ kú. Tó bá ní Bàbá ti kú, ó tún ń lọ sílé lọ kú náà ni. Ó ti rò pé irọ́ òun ò pa ẹnikẹ́ni lára, pé nínú yàrá òun níbí ló ń gbé, àfi bó ṣe jáde tó lọ dúró síbi bẹ́ẹ̀dì ẹni ẹlẹ́ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó rán àpò méjì sí ibi ìdí ṣòkòtò ọmọdé kan, ó tú u.

Lọ́jọ́bọ̀ náà, ó wọkọ̀ lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù kó tó mọ̀ pé téèpù ṣì wà lọ́rùn òun. Wọ́n júwe yàrá Ọmọ Fóònù fún un: yàrá kótópó kan tí kò ní fèrèsé, ìwé ńláńlá lórí pákó, fóònù kan, àga kan. Ó ti máa ń rò pé ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni. Obìnrin tó dìde sanra, ojú ẹ̀ rẹwà, á ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó rí téèpù, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó wá na ọrùn wo ẹ̀yìn Ìyá Téèpù.

"Bàbá ńkọ́, mà?"

Látìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ti bi í ní ìbéèrè yìí. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n fi ojú bi í.

"Bàbá ti kú," ó ní. "Ó ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún."

Ọmọ Fóònù fa ìwé kan wálẹ̀ lórí pákó. Ó ṣí ìwé, ó wá ojú ìwé náà, ó fi ìka tọ ọ́ wálẹ̀: mẹ́rìndínlógójì, mẹ́rìndínlógójì, mẹ́rìndínlógójì.

"Ta wá ni mo ń kọ síbí yìí?"

"Ṣòkòtò ẹ̀ ni. Mo máa ń wọ̀n ọ́n kí n tó sọ ọ́ fún ẹ."

"Dókítà ń fi ojú ìwé yìí kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Ó tẹ ìka mọ́ ojú ìwé náà. "Èmi gan-an, tí mo bá délé, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún wọn. Mo ní ẹnì kan tiẹ̀ wà tó yè é."

"Má bínú, ọmọ mi."

Ọmọ Fóònù nu ojú. Ó wo aago. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Ẹ sọ fún awakọ̀ yìí pé Bàbá rìnrìn àjò, pé ẹ̀yin ni wọ́n rán wá. Tó bá rí yín, ó máa gbà. Ẹ̀mí èèyàn ni. Tó bá ti buwọ́ lùwé tán, a ó mọ ohun tí a máa sọ."

Àbí ẹ rí nǹkan. Ẹni tí irọ́ dùn lẹ́ẹ̀mẹfà ni wọ́n wá ń bẹ̀ kó pa ìkeje, wọ́n sì ti fi oore wé e fún un. Ìyá Téèpù fọwọ́ kan téèpù ọrùn ẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Èèyàn kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n. Ara tiẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Ó yẹ kó mọ bó ṣe gùn tó."

Ọmọ Fóònù kó ìwé, ó mú un lọ sí wọ́ọ̀dù. Awakọ̀ náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin apá ńlá ni, ṣùgbọ́n itan ti gbẹ, ikùn ló wá yọ síwájú. Dókítà dúró sí ìdí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ kan pa èkejì, inú ẹ̀ ń dùn.

"Ọkọ yín dà, mà?" awakọ̀ bi í.

"Ó ti kú."

Ọwọ́ dókítà dúró.

"Wọ́n ní ó wà láyé."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo parọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò lẹ́yìn tí wọ́n là á."

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó so okùn bàtà ẹ̀ le. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Mò ń lọ sílé."

"Ẹ máa lọ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí látìgbà tó ti kú, mi ò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún." Ó jókòó láì jẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Kí wọ́n tó là á, ìjókòó ló ń sùn, ikùn ò jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n là á, ó nà gbalaja, ó ń hanrun. Mo jókòó tì í, mo ń sunkún, torí mo ti rò pé mi ò ní gbọ́ ìhanrun yẹn mọ́ láyé mi. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó jẹ ẹ̀wà, ó bú rédíò, ó bú èmi náà. Ó fẹsẹ̀ rìn dé oríta, ó padà wá ń fọ́nnu bí ẹni tó rìn yí ayé ká. Oṣù méjìlá. Mo wọ̀n ọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Oṣù méjì tó kẹ́yìn ò dáa. Ó jẹ ẹ́ níyà, ó jẹ èmi náà níyà, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún yín."

Awakọ̀ ò gbé orí sókè. "Oṣù méjìlá tó dáa."

"Méjìlá."

Ó yíjú sí dókítà. "Èmi ńkọ́?"

Dókítà súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kókó tiyín kéré sí tiwọn, ẹ̀dọ̀ yín ò sì tíì gan tó tiwọn. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra fún yín."

"Ẹ ò sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá kan tí nǹkan ò ṣe." Ọkùnrin náà ka nǹkan lórí ìka ẹ̀. "Ọmọbìnrin mi máa parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lóṣù kẹsàn-án sí ìsinsìnyí. Mo ti ṣèlérí fún un pé èmi ni màá wa ọkọ̀ lọ gbé e wálé. Oṣù mẹ́sàn-án ni mò ń wá."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tú okùn bàtà ọ̀tún, ó tú tòsì, ó ti bàtà méjèèjì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ká ẹ̀wù sókè.

"Ìyá, ẹ wọ̀n mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọn ṣòkòtò òkú, ẹ wọn èmi náà."

Ìyá Téèpù yọ téèpù lọ́rùn. Ara gbígbóná ni, ó ń mí sókè sódò lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti wọn ohun tó ń mí. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. "Ogójì ó lé ìdajì," ó ní, Ọmọ Fóònù sì kọ ọ́ sójú ìwé tuntun.

Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá tí kò ní fèrèsé, Ọmọ Fóònù mú bírò pupa, ó fa ìlà sórí mẹ́rìndínlógójì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ "ti kú" àti oṣù tó kú sí ìsàlẹ̀. Ó pa ìwé dé.

"Ẹ máa lọ, mà," ó ní. Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ó yé Ìyá Téèpù. Kò sí ìdí tí ọsibítù fi ń pe ilé òkú. Ó délé, ó dá ṣòkòtò eérú padà sínú àpótí, ó tún kọjú sí aṣọ iléèwé. Ọkọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Oṣù kan, oṣù méjì. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí oṣù mẹ́ta pé dé, ó mọ̀ pé wọn ò ní pè, síbẹ̀ ó gbálẹ̀, ó wẹ̀, ó wọṣọ tó mọ́. Ìwà ti di bárakú. Aago mẹ́wàá lù. Ó rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò kan, ó rán ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilé dákẹ́ tó fi ń gbọ́ òwú tó ń yí.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Ọmọ Fóònù ni. Kò bèèrè Bàbá. "Awakọ̀ ní kí n pè yín. Wọ́n ti là á. Ó ń jẹun, ojú ẹ̀ ò pọ́n. Mẹ́tàdínlógójì àtààbọ̀. Ó ní kí n má gbàgbé àtààbọ̀ yẹn."

"O ṣé," Ìyá Téèpù ní. "Bá mi kí i."

Ó dúró kí Ọmọ Fóònù gbé fóònù sílẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀.

"Mà," Ọmọ Fóònù ní, "gbogbo ìgbà tí mo ń pè, tí ẹ fi ń pa irọ́ yẹn fún mi... kò sí àyè ẹ̀ nínú ìwé, mi ò fìgbà kan bèèrè. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ìkeje ti wà lẹ́nu ẹ̀, ó ti ṣe tán: mo wà dáadáa, a dúpẹ́. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni, kò sẹ́ni tó máa fi bírò pupa fàlà sí i. Ó wo inú yàrá, ó wo máṣíìnì, ó wo àga kejì tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i láti ọdún kan ààbọ̀.

"Mi ò wà dáadáa, ọmọ mi," ó ní. "Mi ò wà dáadáa rárá. Èmi nìkan ló kù nílé yìí."

Ìyá Téèpù gbọ́ bí Ọmọ Fóònù ṣe fa àga, tó sì jókòó.